Owó orin fíìmù: inú ìwé kan tí kò sẹ́ni tó ń kà ló wà

Ẹ jẹ́ ká fo bí àwọn tó ń ṣe orin fíìmù ṣe ń jókòó ti dírẹ́kítọ̀ láti mọ ibi tí orin máa wọlé àti ibi tó máa jáde, ká fo ti kọ̀ǹpútà, ti àwọn onífaolíìnì, ti pé wọ́n fẹ́ kí gbogbo ẹ̀ parí láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Wọ́n ti sọ ìyẹn títí. Ohun tí ò yé ọ̀pọ̀ èèyàn ni bí ẹni tó ń ṣe orin fíìmù àti ti tẹlifíṣọ̀n ṣe ń rí jẹ nídìí iṣẹ́ yìí fún ogún, ọgbọ̀n ọdún, torí wọ́n rò pé tí fíìmù bá ti pa owó rẹpẹtẹ ní sinimá, ẹni tó ṣe orin ẹ̀ náà ti di olówó nìyẹn.

Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ní Amẹ́ríkà, ilé sinimá kì í san nǹkan kan fún orin tó wà nínú fíìmù. Láti 1948 tí ilé ẹjọ́ kan ní New York ti dá àwọn onísinimá láre lórí ASCAP, ìyẹn ẹgbẹ́ tó ń bá àwọn olórin gbowó, ọ̀rọ̀ yẹn ti parí. Tíkẹ́ẹ̀tì ì báà pọ̀ bí iyanrìn. Ṣùgbọ́n ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Yúróòpù, ilé sinimá máa ń san ìpín kékeré, nítorí náà orin kan náà nínú fíìmù kan náà lè mówó wá láti Paris kó má mú nǹkan kan wá láti Chicago.

Owó méjì ló wà. Àkọ́kọ́ ni owó iṣẹ́ tí wọ́n jọ dúnàádúrà lé lórí, ó sì wọ́pọ̀ pé inú owó yẹn náà ni wọ́n á ti san ti sítúdíò àti ti àwọn tó ń lu nǹkan orin, èyí tó bá kù ni ẹni tó ṣe orin máa mú lọ sílé. Èkejì ni owó ìlò, òun ló ń wọlé ní gbogbo ìgbà tí tẹlifíṣọ̀n bá gbé eré yẹn jáde.

Ẹ wò ó bí ẹni tí wọ́n gbéṣẹ́ fún pé kó wá gbin igi eléso sórí ilẹ̀ onílẹ̀. Ilẹ̀ kì í ṣe tiẹ̀, tó bá sì ti gbìn ín tán igi pàápàá ti di ti onílẹ̀, àmọ́ àdéhùn wà pé ẹni yòówù kó já èso ibẹ̀ tà, ìdajì owó ẹ̀ gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ ẹni tó gbìn ín. Oko ọ̀hún jìnnà, àwọn tó ń já a wà káàkiri ayé, kò sì sí bó ṣe lè máa ṣọ́ wọn tọ̀sán-tòru, torí náà wọ́n ní kí ẹnì kan máa kọ ọ́ sílẹ̀, igi wo nìyí, ta ló gbìn ín, báwo ló ṣe tóbi tó. Bí akọ̀wé yẹn bá wá fo igi kan, igi náà á ṣì máa so, wọ́n á máa jẹ ẹ́, ẹni tó gbìn ín ò ní gbọ́ nǹkan kan.

Ìwé tí akọ̀wé yẹn ń kọ ni wọ́n ń pè ní cue sheet. Gbogbo orin tó wà nínú eré ló máa ń wà níbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan: nọ́ńbà ẹ̀ (1m3 ni orin kẹta nínú apá àkọ́kọ́), orúkọ ẹ̀, ẹni tó ṣe é, ẹgbẹ́ tó wà, ẹni tó ni ìdajì owó kejì (onílẹ̀ inú àpèjúwe wa nìyẹn), ìṣẹ́jú àti ìṣẹ́jú àáyá tó gbà, àti bí wọ́n ṣe lò ó. Bí wọ́n ṣe lò ó yìí ṣe pàtàkì gan-an. Orin ìbẹ̀rẹ̀ eré, orin tí àwọn òṣèré ń kọ lójú kòrókòró, orin tó kàn ń lọ lábẹ́ ọ̀rọ̀, iye tí wọ́n ń san fún wọn lè yàtọ̀ síra gan-an.

Agbára ìwé yìí pọ̀ débi pé èèyàn lè gbowó lórí ohun tí etí kankan ò gbọ́. Alexander Courage ló ṣe orin ìbẹ̀rẹ̀ Star Trek, eré tẹlifíṣọ̀n tó bẹ̀rẹ̀ ní 1966. Gene Roddenberry tó dá eré náà sílẹ̀ wá kọ ọ̀rọ̀ sí orin yẹn, àdéhùn tí Courage ti tọwọ́ bọ̀ sì fàyè gbà á. Wọn ò fi ọ̀rọ̀ yẹn kọrin nínú eré náà rí. Àmọ́ bí orúkọ Roddenberry ṣe wọlé báyìí, ìdajì owó ìlò di tiẹ̀, inú Courage ò sì dùn sí i.

Ọgbọ́n tó wà nídìí ètò yìí dáa gan-an, torí owó ń tẹ̀ lé ìlò: orin tí wọ́n ń lò lónìí á sanwó lónìí, kódà tó bá ti pé ogójì ọdún. Ní Paris ní 1847, Ernest Bourget kọ̀ láti sanwó ohun tó mu níbi tí wọ́n ti ń kọ orin ẹ̀ láìsanwó fún òun náà, ilé ẹjọ́ sì dá a láre, látibẹ̀ ni SACEM, ẹgbẹ́ tó ń bá àwọn olórin gbowó ní Faransé, ti jáde ní 1851. Ohun tí Bourget ń béèrè fún yẹn, pé kí ẹni tó bá lo orin sanwó ẹ̀, náà ni cue sheet ń mú ṣẹ lójoojúmọ́.

Ibi tó kù díẹ̀ káàtó ni pé iléeṣẹ́ tó ṣe eré ló ń kọ ìwé náà, kì í ṣe ẹni tó ṣe orin. Ó sì rọrùn kó mẹ́hẹ, torí ẹ̀yìn tí wọ́n bá ti po ọ̀rọ̀ ẹnu, ariwo àti orin pọ̀ tán la tó lè kọ ọ́. Orin ìṣẹ́jú méjì ti lè di ogójì ìṣẹ́jú àáyá, òmíì ti lè kúrò níbi tó wà lọ sí ibòmíì, òmíì ti lè pòórá. Ẹni tó bá lo àkọsílẹ̀ àtijọ́ á kọ irọ́ láìmọ̀.

Àwọn iléeṣẹ́ kan tiẹ̀ ń fẹ́ kí wọ́n fagi lé owó ìlò pátápátá, kí wọ́n san ẹ̀ẹ̀kan kó parí síbẹ̀. Ní ìparí 2019, iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n Discovery fẹ́ kí àwọn tó ń ṣe orin fún wọn jọ̀wọ́ owó ìlò ti Amẹ́ríkà, àwọn olórin pariwo gidi gan-an, kò sì pẹ́ tí wọ́n fi jáwọ́. Ẹni tó bá gba irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ nítorí owó ojú ẹsẹ̀ ti ta ọjọ́ ogbó ẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ yìí fi ń kọ ọ́ sínú àdéhùn pé wọ́n gbọ́dọ̀ fún àwọn ní ẹ̀dà cue sheet. Wọ́n á gbé eré tó ti parí síwájú, wọ́n á ka ìṣẹ́jú orin kọ̀ọ̀kan fúnra wọn, wọ́n á wá lọ wò ó nínú àkáǹtì wọn lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ bóyá ohun tí wọ́n rí níbẹ̀ bá a mu. Ó lè ju oṣù mẹ́fà lọ kí owó eré tó jáde lónìí tó dé, tòkèèrè tún máa ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, àtìgbà tí ìwé bá ti jáde ló sì yẹ kí wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò.