Bí Wọ́n Ṣe Ka Àrokò Ẹ́kísímà Nínú Ẹ̀jẹ̀

Heinz Küstner kì í jẹ ẹja sísè. Bó bá fi kan ẹnu, ara rẹ̀ á yún, á sì wú. Ní ọdún 1921, nílùú Breslau tó wà lábẹ́ Jámánì nígbà náà, òun àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, Carl Prausnitz, gbé ìròyìn ohun tí wọ́n ṣe jáde. Prausnitz gba omi tó máa ń tòrò sórí ẹ̀jẹ̀ tó ti dì láti inú ẹ̀jẹ̀ Küstner, ó gún ìwọ̀nba díẹ̀ sínú awọ ikùn ara tirẹ̀, nígbà tó di ọjọ́ kejì, ó gún omi ẹja sí ojú ibẹ̀ gan-an. Kò pẹ́ tí ibẹ̀ fi wú, tó pọ́n, tó sì ń yún un, bẹ́ẹ̀ ẹja kì í ṣe èèwọ̀ ara Prausnitz rárá.

Ẹ́kísímà, àìsàn tó ń mú awọ yún tó sì ń mú un bó, kọ́ ni wọ́n ń wá. Síbẹ̀, lójú tèmi, ibẹ̀ ni ìtàn yìí ti ṣẹ̀. Ernest Besnier ní Paris ti kọ ọ́ sílẹ̀ ní 1892 pé ìyúnra tí kì í lọ bọ̀rọ̀ yìí àti ikọ́ fée a máa rìn pọ̀ nínú ìdílé kan náà; ní 1933, Fred Wise àti Marion Sulzberger sọ ọ́ ní “atopic dermatitis” ní Amẹ́ríkà. Ṣùgbọ́n Breslau ló fi hàn pé ohun tó ń mú awọ yún lè máa bẹ nínú ẹ̀jẹ̀.

Ó tó ọdún 45 kí wọ́n tó mọ nǹkan ọ̀hún. Tọkọtaya ọmọ Japan kan, Kimishige àti Teruko Ishizaka, rí i ní Denver ní 1966, àwọn onímọ̀ kan ní Sweden náà sì rí i láyè ọ̀tọ̀: purotéènì tí à ń pè ní IgE ni. Ó máa ń pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ ọ̀pọ̀ ẹlẹ́kísímà, àmọ́ àwọn kan wà tí awọ wọn bó yánnayànna tí IgE wọn kò sì ju bó ṣe yẹ lọ. Ta wá ni ń pàṣẹ?

Àwọn ọmọ ogun ara, ìyẹn àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń gbógun ti àrùn, a máa fi purotéènì ránṣẹ́ síra wọn bí àwọn ọba àtijọ́ ṣe ń fi àrokò ránṣẹ́: ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kà nìkan ló ń jẹ́ ẹ. Ní 1986, Tim Mosmann àti Robert Coffman fi hàn lára eku pé oríṣi méjì ni àwọn kan nínú ọmọ ogun wọ̀nyí, àrokò tí oríṣi kejì ń fi ránṣẹ́ sì ni interleukin-4, ìyẹn IL-4. Òun àti ìbátan rẹ̀, IL-13, ló ń ní kí ara máa ṣe IgE. Àwọn náà ló ń dín purotéènì tó ń mú awọ le kù, tí awọ fi ń gbẹ, tó ń sán. Ní 2004, IL-31 tún yọjú: àwọn eku tí wọ́n mú kí ara wọn máa ṣe é ní àṣejù ń họra títí irun fi re lára wọn.

Àrokò mìíràn tí dókítà ń kà nínú ẹ̀jẹ̀ ni purotéènì TARC, tó ń pe oríṣi kejì yẹn wá sínú awọ. Àwọn onímọ̀ Japan rí i pé bí ẹ́kísímà bá ń le sí i, òun náà ń ga sí i. Nígbà tí dupilumab, abẹ́rẹ́ tó ń dí ojú ibi tí IL-4 àti IL-13 ti ń jíṣẹ́, gbàṣẹ ní Amẹ́ríkà ní 2017, bí ìyúnra ṣe ń rọlẹ̀ lára àwọn tó ń gbà á ni TARC inú ẹ̀jẹ̀ wọn náà ń já wálẹ̀.