Ẹsẹ Kẹsàn-án Tàbí Ẹsẹ Kẹwàá: Bí Jíìnì Kan Ṣe Ń Pèsè Ẹ́ńsáìmù Méjì

Gbólóhùn kan wà tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ há sórí tí ó ti yẹ kí a tún ṣe tipẹ́: jíìnì kan, ẹ́ńsáìmù kan, ìyẹn ni pé jíìnì kọ̀ọ̀kan ń pèsè ẹ́ńsáìmù kan ṣoṣo, irú purotéènì tí ó ń mú kí iṣẹ́ kẹ́míkà ara yára. George Beadle àti Edward Tatum ni wọ́n gbé èrò náà kalẹ̀ ní 1941, lẹ́yìn ìwádìí lórí ohun abẹ̀mí tíntìntín kan tí ó máa ń mú kí búrẹ́dì bu, ẹ̀bùn Nobel tí wọ́n gbà ní 1958 sì tọ́ sí wọn. Ohun tí kò tọ́ ni pé a ṣì ń kọ́ ọmọ bẹ́ẹ̀ láìfi nǹkan kan kún un, nígbà tí jíìnì tí ó ń pèsè purotéènì lára ènìyàn kò ju nǹkan bí 20,000 lọ, tí irú purotéènì tí ara ń lò sì ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa.

Pé sẹ́ẹ̀lì máa ń kọ ẹ̀dà jíìnì sára RNA, àdàkọ tí ó ń tẹ̀ lé láti ṣe purotéènì, kò ṣòro láti lóye. Ohun tí sẹ́ẹ̀lì ń ṣe sí ẹ̀dà náà lẹ́yìn tí ó bá kọ ọ́ tán, èyí tí a kò mọ̀ títí di 1977, ni ó yani lẹ́nu.

Ẹ jẹ́ kí a wo ìyá alámọ̀ kan ní Èkìtì tí ó ń ki ìdílé kan, tí ẹnìkan sì ń fi fóònù gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Ìyá yóò ki ẹsẹ kan, yóò dúró kí àlejò tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, yóò dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí ó lẹ owó mọ́ ọn níwájú orí, yóò béèrè omi, kí ó tó bọ́ sí ẹsẹ mìíràn. Àwọn ọ̀rọ̀ àárín wọ̀nyí sì lè gùn ju oríkì gan-an lọ. Bí ẹbí bá fẹ́ tẹ oríkì náà sínú ìwé ètò ìsìnkú, wọn yóò gé ọ̀rọ̀ àárín dànù, wọn yóò sì so ẹsẹ mọ́ ẹsẹ. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ẹ̀dà RNA rí. Exon ni ẹsẹ, intron ni ọ̀rọ̀ àárín, spliceosome sì ni agékúrò. Lẹ́tà ni a ń pe àwọn ègé kẹ́míkà tí ó tò tẹ̀ léra nínú jíìnì àti RNA. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé lẹ́tà GU ni gbogbo intron fi ń bẹ̀rẹ̀, tí AG sì ń parí rẹ̀, àmì yìí ni agékúrò fi ń mọ ibi tí yóò ti gé e. Mẹ́ta mẹ́ta ni sẹ́ẹ̀lì ń ka lẹ́tà, nítorí náà bí ó bá fi lẹ́tà kan ṣoṣo ṣìnà, gbogbo ohun tó kù yóò dàrú.

Ṣùgbọ́n ìwé ètò ìgbéyàwó ìdílé kan náà kò ní gba gbogbo ẹsẹ tí ti ìsìnkú gbà. Jíìnì PKM ní exon 12, ó sì ń pèsè pyruvate kinase, ẹ́ńsáìmù tí ó ń ṣe ìpele tó kẹ́yìn nínú fífọ́ ṣúgà tí sẹ́ẹ̀lì fi ń rí agbára. Ẹsẹ kẹsàn-án àti ẹsẹ kẹwàá kì í jọ wọ ìwé kan náà. Bí sẹ́ẹ̀lì bá mú ẹsẹ kẹsàn-án, PKM1 ni yóò jáde, èyí tí iṣan àti ọpọlọ àgbàlagbà ń lò. Bí ó bá mú ẹsẹ kẹwàá, PKM2 ni, èyí tí ó pọ̀ nínú ọlẹ̀. Nínú amino acid (àwọn ègé tí a so pọ̀ di purotéènì) 531 tí ó wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, 22 péré ni wọ́n fi yàtọ̀, síbẹ̀ PKM1 kì í yé ṣiṣẹ́ ní kíkún, PKM2 sì dà bí ààrò gáàsì tí a lè yí iná rẹ̀ sókè sódò. (Ìyá alámọ̀ lè ki ẹsẹ kẹta ṣáájú ẹsẹ kìíní; agékúrò kì í yí ètò ẹsẹ padà, ó kàn lè fo òmíràn ni.)

Ta ni ó ń yàn? Àwọn purotéènì bíi PTB àti hnRNPA1 ni, wọ́n máa ń jókòó ti ẹsẹ kẹsàn-án, wọn yóò sì bò ó mọ́ agékúrò lójú, tí kò fi ní rí ju ẹsẹ kẹwàá lọ.

Ọgbọ́n ńlá ni pé ara kò kọ odindi jíìnì méjì nítorí ìyàtọ̀ tí kò ju ẹsẹ kan lọ. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ náà ni ewu wà. Ọ̀pọ̀ sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ ló ń lo PKM2, láìjẹ́ pé lẹ́tà kankan bàjẹ́ nínú jíìnì náà. Ẹni tí ó bá yẹ PKM wò ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan nínú irú sẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀ lè má rí àléébù kankan. Inú RNA tí a ti gé tí a sì ti so ni yóò ti rí i pé ẹsẹ kẹwàá ni ó wọlé.