Kì í ṣe pápá ìṣeré ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní Stratford

Bí ìdíje Òlíńpíìkì bá ti ń bọ̀ níbì kan, pápá ìṣeré ni gbogbo wa máa ń bojú wò. Ṣé wọ́n ti ń rù ú sókè? Èèyàn mélòó ni yóò gbà? A ti gbà lọ́kàn wa pé ilé yẹn gan-an niṣẹ́, pé ti ilẹ̀ ò ju kí katakata ro ó kó sì tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ. Irọ́ ni. Ẹ jẹ́ ká wo Stratford, ní ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù.

Ọdún 2005 ni wọ́n gbé ìdíje ọdún 2012 fún Lọ́ńdọ̀nù. Oṣù karùn-ún ọdún 2008 ni iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ lórí pápá ńlá náà, wọ́n sì parí rẹ̀ ní oṣù kẹta ọdún 2011. Yàtọ̀ sí ìwé yíyà àti ilẹ̀ gbígbà, kí ni wọ́n ń ṣe ṣáájú? Ilẹ̀ ni wọ́n ń tọ́jú.

Ilẹ̀ náà tó nǹkan bíi hẹ́kítà 250. Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí àwọn iléeṣẹ́ ti ń da ẹ̀gbin sí i: epo, ọ̀dà, òjé, ásénìkì. Àwọn kan á ní kí wọ́n kó erùpẹ̀ náà dànù. Dànù síbo? Ẹ̀yìnkùlé ẹlòmíràn ni májèlé náà máa lọ.

Ńṣe ni wọ́n fọ ilẹ̀ náà, bí ẹni ń fọ aṣọ. Wọ́n á da erùpẹ̀ sínú ẹ̀rọ, asẹ́ á yọ òkúta ńláńlá, mágínẹ́ẹ̀tì á fa irin jáde, omi á sì ya èyí tó kù sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ibí yìí gan-an ni ọgbọ́n wà: májèlé kì í fi bẹ́ẹ̀ lẹ̀ mọ́ yanrìn àti òkúta wẹ́wẹ́, ara ẹrẹ̀ kíkúnná ló máa ń rọ̀ mọ́. Yanrìn á jáde ní mímọ́, ẹrẹ̀ nìkan ni wọ́n á fún gbẹ tí wọ́n á kó lọ. Níbi tí epo bá ti pọ̀, kòkòrò àìfojúrí ni wọ́n jẹ́ kó jẹ ẹ́. Nǹkan bíi tọ́ọ̀nù mílíọ̀nù 2 ni wọ́n tọ́jú, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ló sì padà sínú ilẹ̀ ibẹ̀.

Wọ́n tún wó ilé tó lé ní 200, wọ́n hú òpó iná gìrìwò 52, wọ́n sì ri àwọn wáyà rẹ̀ mọ́ inú ihò abẹ́ ilẹ̀ tó gùn ní kìlómítà 6.

Èyí tó wú mi lórí jù kò hàn sójú ẹnikẹ́ni. Lábẹ́ erùpẹ̀ mímọ́ tí wọ́n fi borí gbogbo rẹ̀, wọ́n tẹ́ ohun àmì kan, kí ẹni tó bá ń gbẹ́lẹ̀ lọ́jọ́ iwájú lè mọ ibi tó yẹ kó dúró. Àwọn ọmọ tó ń sáré lórí koríko ibẹ̀ lónìí kò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀.