Síìtì ìdíje nínú mọ́tò tí à ń gbé ròde: ìbéèrè yín àti ìdáhùn

Ní oṣù Keje ọdún 2024, iléeṣẹ́ Recaro Automotive, tó ń ṣe síìtì mọ́tò ní Kirchheim unter Teck, ní Jámánì, gba ilé ẹjọ́ lọ pé òun ò lè san gbèsè òun mọ́. Lẹ́yìn náà ni Proma, iléeṣẹ́ kan ní Ítálì, gba iṣẹ́ síìtì mọ́tò náà. Láti ìgbà yẹn làwọn tó fẹ́ràn mọ́tò eléré láàárín wa, pàápàá àwọn ará wa ní Ìlú Ọba tó máa ń gbé mọ́tò wọn lọ sá lórí pápá lópin ọ̀sẹ̀, ti ń bi mí ní ìbéèrè. Mo kó wọn jọ síbí.

Ṣé Recaro ti kógbá wọlé nìyẹn?

Rárá. Iléeṣẹ́ tó ń jẹ́ orúkọ yẹn ju ẹyọ kan lọ. Àwọn tó ń ṣe síìtì ọkọ̀ òfurufú kò sí nínú ọ̀rọ̀ gbèsè náà.

Èyí tí mo ti rà tẹ́lẹ̀ wá ń kọ́?

Kò sí ohun tó ṣe é.

Wọ́n ní síìtì ìdíje ní ọjọ́ tí lílò rẹ̀ máa ń parí. Ṣé òótọ́ ni?

Fún ìdíje, òótọ́ ni. FIA, àjọ tó ń bójú tó ìdíje mọ́tò lágbàáyé, ní ìwé pélébé tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ síìtì. Èyí tí wọ́n bá kọ 8855-1999 sí, ọdún 5 ló ní láti ọjọ́ tí wọ́n ṣe é. Èyí tó jẹ́ 8862-2009 ní ọdún 10. Tó bá jẹ́ ojú títì lásán lẹ ń gbé e lọ, òfin yẹn ò mú yín. Ṣùgbọ́n bí síìtì fíbà bá ti bá mọ́tò nínú ìjàǹbá ńlá, ẹ má lò ó mọ́, kódà bí aṣọ ara rẹ̀ ò bá ya. Abẹ́ aṣọ ni fíbà ti ń sán.

Irú wo ló yẹ kí n rà?

Oríṣi méjì ló wà. Ọ̀kan ṣeé nà sẹ́yìn bíi síìtì tó bá mọ́tò wá. Èkejì le gbagidi, ó dà bí igbá tí wọ́n gbẹ́ sí ìwọ̀n ara ènìyàn. Bí mọ́tò yẹn bá jẹ́ èyí tí ẹ ń gbé lọ síbi iṣẹ́, mo fara mọ́ èyí tó ń nà sẹ́yìn. Èyí tó le náà kì í tẹ̀ síwájú, nítorí náà nínú mọ́tò onílẹ̀kùn méjì, ẹni tó bá wà lẹ́yìn ti há síbẹ̀. Àwọn mìíràn tún ní etí ńlá lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí. Lórí pápá, etí yẹn ń gba ọrùn là. Ní oríta, kò ní jẹ́ kí ẹ rí ọ̀kadà tó ń bọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ẹ jókòó sínú rẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kẹ́ ẹ tó sanwó. Ibi tó bá ń fún ìbàdí yín ní ṣọ́ọ̀bù, yóò di ìrora fún yín lórí ìrìn wákàtí mẹ́ta.

Ṣé mo lè de bẹ́líìtì ìdíje mọ́ ọn?

Èyí ló ń bà mí lẹ́rù jù nínú gbogbo rẹ̀. Bẹ́líìtì tó bá mọ́tò wá gba èjìká kan ṣoṣo. Bí mọ́tò bá dojú dé tí òrùlé sì rún wọlé, ara òkè yín ṣì lè tẹ̀ sápá kan. Ẹni tí wọ́n fi bẹ́líìtì ìdíje so èjìká méjèèjì mọ́ síìtì dúró ṣánṣán bí òpó ni. Orí rẹ̀ ni òrùlé yóò bá. Ìdí nìyẹn tí mọ́tò ìdíje fi ní àgò irin nínú, kí òrùlé má bàa rún wọlé. Síìtì gbagidi, bẹ́líìtì ìdíje àti àgò irin, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ ń rìn ni.

Bí àgò bá tiẹ̀ wà, FIA ní kí okùn èjìká má dà sílẹ̀ lẹ́yìn ju ìwọ̀n dígírì 45 lọ, ó sì sàn kó má ju 10 lọ. Bí ẹ bá so ó mọ́lẹ̀ gẹ́rẹ́ lẹ́yìn síìtì, ọ̀pá ẹ̀yìn yín ni yóò fún mọ́lẹ̀ lọ́jọ́ ìjàǹbá.

Bí bẹ́líìtì mọ́tò lẹ ṣì ń lò, ẹ dè é, kẹ́ ẹ wá fi ìka méjì tọ okùn ìsàlẹ̀ láti òsì dé ọ̀tún. Egungun ìbàdí ló yẹ kó lẹ̀ mọ́. Bí ẹ̀gbẹ́ síìtì bá gbé e sókè tí ìka yín sì ń wọ abẹ́ rẹ̀, inú ikùn ni yóò wọ̀.

Báwo ni kí wọ́n ṣe dè é mọ́lẹ̀?

Mo ti gbé kápẹ́ẹ̀tì mọ́tò kan sókè rí, tí mo bá wọ́ṣà kékeré mẹ́rin lábẹ́ páànù tó tín-ín-rín. Páànù náà ti ń ya yíká ihò. Mọ́tò tí wọ́n fi ń gbé ọmọ lọ síléèwé ni. Òfin FIA ní kí nọ́ọ̀tì wà níbi mẹ́rin, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan nípọn tó mìlímítà 8, kí irin pẹlẹbẹ tó nípọn tó mìlímítà 3 sì tẹ́ sábẹ́ rẹ̀. Bí ẹ bá gé irin náà ní igun mẹ́rin, tí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 6 àti ààbọ̀, ó tó. Èyí tó dára jù ni ẹsẹ̀ irin tí wọ́n ṣe fún irú mọ́tò yín gan-an, tó ń wọ ihò tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Iná airbag, àpò afẹ́fẹ́ tó ń wú nígbà ìjàǹbá, ń tàn lẹ́yìn tí mo yọ síìtì àtijọ́. Ṣé ewu ni?

Bẹ́ẹ̀ ni. Nínú ọ̀pọ̀ mọ́tò, ara síìtì ni airbag ẹ̀gbẹ́ wà; ẹ ti yọ ọ́ nìyẹn. Àwọn kan máa ń fi nǹkan kékeré sẹ́nu wáyà kí iná lè kú. Iná á kú lóòótọ́, airbag ò ní padà. Ní Ìlú Ọba, mọ́tò tí iná yẹn bá ń tàn nínú rẹ̀ kò lè yege MOT, ìyẹn àyẹ̀wò mọ́tò ọdọọdún. Kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan wáyà abẹ́ síìtì, ẹ yọ orí bátìrì, kẹ́ ẹ sì ní sùúrù fún ìṣẹ́jú mélòó kan.

Ṣé dandan ni kí n sọ fún iléeṣẹ́ adójútòfò?

Dandan ni. Ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́, kẹ́ ẹ sì tọ́jú èsì wọn.

Ẹnì kan ń ta Recaro ní ẹ̀dínwó lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó ní torí pé iléeṣẹ́ ti wọ gbèsè ni. Ṣé kí n rà á?

Ayédèrú pọ̀ lọ́jà, láti ìgbà tí gbèsè ò tíì dé. Ẹ ní kó ya fọ́tò ìwé pélébé ara rẹ̀, kí nọ́ńbà àti ọjọ́ tí wọ́n ṣe é hàn ketekete, kó sì yí síìtì náà padà kó ya abẹ́ rẹ̀ níbi ihò nọ́ọ̀tì. Bó bá kọ̀, ẹ fi sílẹ̀ fún un.