Bí Ìtọ̀ Ṣe Di Ẹlẹ́rìí Èéfín

Ẹni tí ó bá gba àdúgbò Sábó kọjá ní Ilé-Ifẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, imú rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ sọ fún un pé wọ́n ti gbé sùyà sórí iná. Bí ọ̀rá ẹran bá ti ń kán sórí ẹyín iná ni èéfín ń rú, tí ó ń padà bà lé ẹran náà, tí ó sì ń bà lé ẹni tí ó ń sun ún pẹ̀lú. Ohun kan wà nínú èéfín yìí tí ó lè fa jẹjẹrẹ, ìtàn bí ọmọ ènìyàn ṣe kọ́ láti mọ iye rẹ̀ tí ó ti wọ inú ara ni mo sì fẹ́ sọ. Kò ṣòro fún ẹnikẹ́ni láti rí èéfín, ṣùgbọ́n kí a tó lè mọ iye tí ẹnì kan gbé sára wọlé lọ sùn, ó gba àwọn onímọ̀ ní ohun tí ó ju igba ọdún lọ.

Polycyclic aromatic hydrocarbons ni orúkọ tí wọ́n fún ìdílé àwọn kẹ́míkà náà, PAH ni wọ́n sì ń pè é ní ìkékúrú. Kò sí nǹkan mìíràn nínú wọn ju káábọ́ọ̀nù àti háídírójìn lọ, tí wọ́n so kọ́ra bí òrùka tí a jó pọ̀ mọ́ra. Èyí tí ó kéré jù, naphthalene, ní òrùka méjì. Òun ni káńfọ̀ funfun tí àwọn ìyá wa máa ń jù sínú àpótí aṣọ kí kòkòrò má baà jẹ aṣọ òkè. Pyrene ní òrùka mẹ́rin, benzo[a]pyrene sì ní márùn-ún, èyí tí ó kẹ́yìn yìí ni orúkọ rẹ̀ sì burú jù nínú ìtàn yìí. Igi ni o, èédú ni o, epo, ọ̀rá tàbí tábà, ohunkóhun tí iná kò bá ráyè jó tán nítorí pé afẹ́fẹ́ kò tó o ni ó ń bí wọn. Ìdí nìyí tí igi tútù tí ń rú èéfín lábẹ́ ìkòkò fi léwu ju igi gbígbẹ tí ń jó geere lọ.

Lọ́ńdọ̀nù ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀, ní ọdún 1775, lọ́wọ́ oníṣẹ́ abẹ kan ní ilé ìwòsàn St Bartholomew tí ń jẹ́ Percivall Pott. Èédú inú ilẹ̀ ni àwọn ará ìlú náà fi ń yá iná nígbà òtútù, ihò tóóró kan tí wọ́n mọ sínú ògiri ni èéfín sì ń gbà jáde sí orí òrùlé. Bí dúdú èéfín bá ti dí ihò náà, ọmọdé tí ara rẹ̀ kéré ni wọ́n ń tì wọ inú rẹ̀ kí ó fi ọwọ́ àti orúnkún gun òkè, kí ó sì máa ha dúdú náà kúrò bí ó ṣe ń lọ. Ọmọ tálákà ni púpọ̀ nínú wọn. Iná a máa jó wọn, ihò a sì máa há mọ́ wọn. Pott rí i pé lẹ́yìn tí àwọn ọmọ wọ̀nyí bá ti bàlágà, egbò kan tí kì í jinná a máa yọ sí wọn ní awọ ẹpọ̀n, níbi tí awọ ti ṣẹ́ wẹ́wẹ́ tí dúdú èéfín sì ráyè sá pamọ́ sí. Àwọn dókítà ìgbà náà ti sọ ọ́ di àrùn ìṣekúṣe. Pott kọ̀ jálẹ̀, ó ní dúdú èéfín náà ni ó fà á.

Pott kò ní òṣùwọ̀n kankan lọ́wọ́. Iṣẹ́ tí ọmọ náà ń ṣe ni ó béèrè, ibi tí dúdú ti lẹ̀ mọ́ ọn ni ó fojú wò, ó sì parí ọ̀rọ̀. Síbẹ̀, lójú tèmi, òun ni ó kọ́kọ́ wọn nǹkan yìí, nítorí pé òun ni ó kọ́kọ́ so ohun tí ó wà lára aláìsàn pọ̀ mọ́ ohun tí ó wà níbi iṣẹ́ rẹ̀. Ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀ kí oníṣẹ́ abẹ mìíràn, Henry Butlin, tó béèrè ní ọdún 1892 pé kí ló dé tí àrùn náà fi wọ́pọ̀ láàárín àwọn tí ń gbá ihò èéfín ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí kò sì fi bẹ́ẹ̀ sí lára àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù mìíràn. Èsì tí ó rí kò le: àwọn ti òkè òkun lọ́hùn-ún ń wọ aṣọ tí ó bò wọ́n dáadáa, wọ́n sì ń wẹ̀ lójoojúmọ́. Iṣẹ́ kan náà, èéfín kan náà, ṣùgbọ́n iye tí ó dé ara yàtọ̀.

Ní Tokyo ní ọdún 1915, Katsusaburo Yamagiwa àti Koichi Ichikawa kéde pé àwọn ti fi ọ̀dà èédú, ohun dúdú tí ń lẹ̀ tí a ń rí bí a bá fi ooru mú èédú inú ilẹ̀, fa jẹjẹrẹ sí etí ehoro. Oṣù lórí oṣù ni wọ́n fi ń kùn ún léraléra kí koko tó yọ. Ìkánjú kì í ṣe iṣẹ́ wọn. Ó kù kí a mọ èyí tí ó ń pani nínú ọ̀dà, nítorí pé ọgọ́rọ̀ọ̀rún nǹkan ni ó pò pọ̀ sínú rẹ̀. Ernest Kennaway àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ni ó tú u. Wọ́n ṣàkíyèsí pé bí a bá tan ìmọ́lẹ̀ tí ojú lásán kò lè rí sí ọ̀dà tí ń fa jẹjẹrẹ, yóò dá ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ tirẹ̀ padà, àwọ̀ yìí ni wọ́n sì ń tọ̀ lẹ́yìn bí ọdẹ ti ń tọ ipasẹ̀ ẹran. Ní ọdún 1930 wọ́n fi hàn pé kẹ́míkà kan ṣoṣo tí kò ní àdàlù, dibenz[a,h]anthracene, lè dá jẹjẹrẹ sílẹ̀ lára eku. Ní ọdún 1933, wọ́n ti sẹ́ tọ́ọ̀nù 2 ọ̀dà líle títí wọ́n fi yọ benzo[a]pyrene jáde nínú rẹ̀. Kí òǹkàwé fi ìmọ́lẹ̀ yẹn sọ́kàn, nítorí pé yóò padà wá.

Bí a ti mọ orúkọ ọ̀tá tán, afẹ́fẹ́ ibi iṣẹ́ ni wọ́n kọ́kọ́ dojú kọ. Ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ ńlá ni wọ́n ń gbé kalẹ̀ ní igun kan kí ó máa fa èéfín gba inú asẹ́, kí wọ́n lè wọn ohun tí ó bá dì mọ́ asẹ́ náà. Ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ kì í dúró sí igun kan. Ní ọdún 1960, R. J. Sherwood àti D. M. S. Greenhalgh ní Harwell ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé ẹ̀rọ kékeré kan jáde tí òṣìṣẹ́ lè so mọ́ ara, tí ẹnu asẹ́ rẹ̀ yóò wà nítòsí imú. Eruku átọ́míìkì ni wọ́n tìtorí rẹ̀ ṣe é, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí àwọn tí ń wá èéfín náà fi gbà á lò.

Síbẹ̀ ohun tí ó wà nítòsí imú kì í ṣe ohun tí ó wà nínú ara. Ní Ilésà níbí, a ní àpẹẹrẹ tí ó lè mú ọ̀rọ̀ yìí yé wa. Nígbà tí David Morley, dókítà ọmọdé tí ó ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn Wesley Guild àti ní Ìmẹ̀sí-Ilé ní bí ọdún 1950 sí 1960, fẹ́ mọ ọmọ tí ebi ń pa, kò lọ ka iṣu inú abà bàbá rẹ̀. Ọmọ náà gan-an ni ó gbé sórí ìwọ̀n, ó sì ń fi àmì sí i lórí káàdì, tó bẹ́ẹ̀ tí ilà tí kò gòkè mọ́ fi ń kígbe kí àìsàn tó fojú hàn. Irú káàdì bẹ́ẹ̀ ni àwọn tí ń wọn èéfín ń wá: ohun tí ara fúnra rẹ̀ yóò sọ.

Ohun tí ara ń ṣe sí benzo[a]pyrene kọ́kọ́ ní láti hàn. Ní ọdún 1964, Peter Brookes àti Philip Lawley fi hàn pé àwọn PAH ń lẹ̀ mọ́ DNA, ohun inú sẹ́ẹ̀lì tí ó gbé àbùdá ara, nínú awọ eku. Ní ọdún 1974, Peter Sims, Philip Grover àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn sì tọ́ka sí irú èyí tí ń lẹ̀ mọ́ ọn gan-an. Ó dunni láti gbọ́ pé ara fúnra rẹ̀ ni ó ń sọ ọ́ di olóró: níbi tí ó ti ń gbìyànjú láti jẹ́ kí kẹ́míkà olọ́ràá náà lè yòrò nínú omi kí ó sì dà á nù, ni ó ti ń sọ díẹ̀ nínú rẹ̀ di ohun tí ń gé DNA jẹ. Nígbà tí ó di ọdún 1982, Frederica Perera àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ti ń wá PAH tí ó lẹ̀ mọ́ DNA lára ènìyàn, àwọn ẹlòmíràn sì ṣe ọ̀nà kan tí ó lè rí ẹyọ DNA kan tí ó lẹ̀ báyìí láàárín bílíọ̀nù kan ẹyọ. Ọ̀nà dáradára ni, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ pọ̀, abẹ́rẹ́ sì ni a ó fi gba ẹ̀jẹ̀.

Ìtọ̀ ni ó ṣe iṣẹ́ náà wẹ́rẹ́. Ní ọdún 1985, Frans Jongeneelen àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Nijmegen, ní orílẹ̀-èdè Netherlands, dá a lábàá pé kí a fi benzo[a]pyrene sílẹ̀, kí a wá pyrene. Pyrene kì í fa jẹjẹrẹ bí ti ìkejì, ṣùgbọ́n wọ́n jọ ń rìn ni. Ibi tí ọ̀kan bá wà, èkejì wà níbẹ̀, pyrene sì pọ̀ tó láti rí. Ẹ̀dọ̀ a sọ ọ́ di 1-hydroxypyrene, a so ṣúgà mọ́ ọn, kíndìnrín a sì tì í jáde sínú ìtọ̀. Kí ẹ̀rọ tó lè rí i, a gbọ́dọ̀ já ṣúgà náà kúrò, ibí yìí ni nǹkan kan wà tí mo rò pé àwọn ará Ilé-Ifẹ̀ yóò gbádùn: omi inú ikùn ìgbín ni wọ́n ń lò. Irú ìgbín kan ní Yúróòpù ni wọ́n ti ń yọ ẹ́ńsáìmù, ohun tí ń já ìdè ṣúgà náà, a ó kán an sínú ìtọ̀, a ó fi sílẹ̀ nínú ooru fún wákàtí púpọ̀, ìdè náà a sì já. Ìgbín Ọbàtálá, tí a mọ̀ sí ohun èrò, tún di ọlọ́pàá inú láàbù. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò sẹ́ ìtọ̀ náà, wọn yóò tan ìmọ́lẹ̀ tí kò ṣeé fojú rí sí i, 1-hydroxypyrene yóò sì dá ìmọ́lẹ̀ padà, gẹ́gẹ́ bí ọ̀dà Kennaway ti ṣe.

Lára àwọn tí wọ́n fi ọ̀dà èédú ṣe ìwòsàn awọ ara fún, àti lára àwọn tí ń ṣe títì, ni ẹgbẹ́ Jongeneelen ti dán an wò. Kí n fi èyí kún un pé ọ̀dà èédú kì í ṣe ọ̀dà tí a mọ̀ sí títì wa; tiwa jẹ́ ti epo rọ̀bì, ọmọ ìyá èyí tí ń sun láti inú ilẹ̀ ní Agbábu ní Ìpínlẹ̀ Òǹdó, PAH inú rẹ̀ kò sì tó ti èédú. Ìtọ̀ tú àṣírí mìíràn: lára àwọn òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ èédú, púpọ̀ nínú pyrene tí ó wọ ara wọn gba awọ ara wọlé, kò gba imú. Asẹ́ tí a so mọ́ àyà kò lè rí ìyẹn láéláé, Pott sì ti fojú lásán rí i ní ọdún 1775.

Ìwádìí kò dúró sí iléeṣẹ́. Ní ọdún 1987, ìròyìn jáde láti Xuan Wei ní ilẹ̀ Ṣáínà nípa àwọn obìnrin tí kì í mu sìgá ṣùgbọ́n tí jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró ń pa, nítorí pé inú yàrá ni wọ́n ti ń fi èédú eléèéfín dáná. Láti ìgbà náà ni àárò ìyá àgbà ti di ibi tí a ń gbé ìgò ìtọ̀ lọ.

Ìyá mi kékeré ń yan ẹja fún títà ní ọjà Àtakúnmọ̀sà, ní Ilésà. Inú ilé ìdáná rẹ̀ ni dúrọ́ọ̀mù tí ó gé sí méjì wà, nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ti dúdú tó bẹ́ẹ̀ tí ó ń dán, ìka ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ tí ó fi ń yí ẹja padà sì ti gba àwọ̀ ṣúgà sísun kan tí ọṣẹ dúdú kò lè wẹ̀ kúrò. Nígbà tí mo ṣàlàyé ìtọ̀ yìí fún un, kò yà á lẹ́nu rárá. Ó ní, "Ọmọ mi, ti òwúrọ̀ ni wọ́n ń fẹ́ ni, àbí ti alẹ́?" Mo ní, "Ìgò méjì ni, Mààmi. Ọ̀kan ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé kí ẹ tó dáná, èkejì ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì lẹ́yìn tí ẹ bá ti pa iná, nítorí pé kẹ́míkà náà kì í pẹ́ lára; láàárín ọjọ́ kan sí méjì, púpọ̀ rẹ̀ ti bá ìtọ̀ lọ." Ó ronú díẹ̀, ó ní, "Ẹja tí mo jẹ lánàá ńkọ́?" Mo ní òun náà yóò hàn, nítorí pé ohun tí a yan máa ń gbé iye náà sókè, a kò sì ní mọ èyí tí imú gbé wọlé yàtọ̀ sí èyí tí ẹnu jẹ. Ó ní kí n jẹ́ kí òun kọ́kọ́ fi ọ̀sẹ̀ kan jẹ ẹ̀fọ́ àti ẹyin ná.