Bí Wọ́n Ṣe Ń Fi Ìtọ́kasí To Àwọn Onímọ̀ Ilẹ̀ Ayé Sípò

Onímọ̀ tó bá wádìí àpáta, òkun, ìmìtìtì ilẹ̀ tàbí ojú ọjọ́ á kọ ohun tó rí sílẹ̀, jọ́nà kan á sì tẹ̀ ẹ́ jáde. Ẹlòmíì tó bá lo iṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ dárúkọ ẹni tó ṣe é. Ìdárúkọ yìí ni ìtọ́kasí. Òun ni wọ́n ń kà jọ kí wọ́n tó sọ pé lágbájá wà nípò kejìlá, tí yunifásítì rẹ̀ á sì gbé àwòrán rẹ̀ sórí Facebook pé kú oríire.

Kíkà náà kò bẹ̀rẹ̀ bí ìdíje. Eugene Garfield, ará Amẹ́ríkà, gbé Science Citation Index, ìwé atọ́ka ìtọ́kasí, jáde ní Philadelphia lọ́dún 1964 kí olùwádìí lè tètè rí àwọn iṣẹ́ tó bá tirẹ̀ tan. Ìgbà tó yá ni wọ́n rí i pé ohun tó lè ka ìwé lè ka èèyàn náà. Lónìí, ilé-iṣẹ́ Clarivate ló ni Web of Science, àkójọ ìtọ́kasí orí ìkànnì tó jáde láti inú rẹ̀. Àkójọ méjì mìíràn, Scopus àti Google Scholar, dé lọ́dún 2004. Ẹnu àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kì í kò: Google Scholar ń ka ìwé àṣegboyè akẹ́kọ̀ọ́ mọ́ ọn, àwọn méjì yòókù sì ń ṣa jọ́nà tí wọ́n máa kà. Bí ẹnì kan bá tọ́ka sí iṣẹ́ rẹ lórí àpáta agbègbè Iléṣà nínú jọ́nà abẹ́lé tí wọn kò ṣà, ìtọ́kasí yẹn kò wọ ìṣirò wọn.

Òǹkà tó wọ́pọ̀ jù ni h-index, tí Jorge Hirsch, onímọ̀ físíìsì ní Yunifásítì California ní San Diego, gbé kalẹ̀ lọ́dún 2005: iye àpilẹ̀kọ ẹni tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní ó kéré tán iye ìtọ́kasí kan náà. Ká ní ẹnì kan ní àpilẹ̀kọ mẹ́fà tí ìtọ́kasí wọn jẹ́ 40, 22, 9, 5, 3 àti 1. Mẹ́rin nínú wọn ní ó kéré tán ìtọ́kasí mẹ́rin-mẹ́rin, kò sí márùn-ún tó ní márùn-ún-márùn-ún; h-index rẹ̀ jẹ́ 4. Ẹlòmíì ní mẹ́ta péré: 9,000, 2 àti 1. Tirẹ̀ jẹ́ 2. Òǹkà yìí kì í sábà wálẹ̀, ó tilẹ̀ lè máa ga lẹ́yìn ikú ẹni náà.

Nítorí irú èyí ni John Ioannidis ní Yunifásítì Stanford àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ ṣe po òǹkà mẹ́fà pọ̀ fún àtòjọ tí gbogbo èèyàn mọ̀ sí ti 2%, ìyẹn ti àwọn onímọ̀ tó wà ní 2% òkè. Àpapọ̀ ìtọ́kasí àti h-index wà níbẹ̀. Ẹ̀kẹta ń pín àpilẹ̀kọ láàárín àwọn tó jọ kọ ọ́. Àwọn mẹ́ta tó kù ń wo ibi tí orúkọ wà: ṣé òun nìkan ló kọ ọ́, ṣé òun ló ṣíwájú, ṣé òun ló kẹ́yìn. Àtòjọ ti Clarivate yàtọ̀: àpilẹ̀kọ tó bá wọ 1% òkè nínú ẹ̀ka kan náà lọ́dún kan náà ló ń kà.

Ọ̀rọ̀ wá le tó bá kan ìmọ̀ ilẹ̀ ayé gan-an, torí agbo ilé tí àwọn ará ibẹ̀ kì í jẹun pọ̀ ni. Lọ́dún 2007, Peel, Finlayson àti McMahon tún àwòrán ojú ọjọ́ ayé yà nílànà Köppen àti Geiger, tó ń pín ayé sí agbègbè nípa ojú ọjọ́ wọn. Ẹni tó ń kọ nípa ẹ̀fọn, nípa ewéko, nípa ilé kíkọ́ pàápàá, bó bá ti fẹ́ sọ irú ibi tó ti ṣiṣẹ́, á tọ́ka sí i. Bẹ́ẹ̀ náà ni àpilẹ̀kọ Sun àti McDonough ti 1989 lórí àpáta basalt inú òkun. Àtẹ nọ́ńbà kan wà nínú rẹ̀ tí wọ́n fi ń díwọ̀n èròjà inú àpáta. Ẹni tó tọ́ka sí i lè má ka ìyókù rárá. Irinṣẹ́, àwòrán, àtẹ àti dátà ló ń kó ìtọ́kasí jọ jù. Ẹni tó gbé òòlù kiri orí òkè kan ṣoṣo fún ọdún mẹ́wàá, àwọn tó bá padà sórí òkè yẹn nìkan ló máa dárúkọ rẹ̀, wọn kì í sì í pọ̀. Fífi àwọn méjèèjì wéra kò bọ́gbọ́n mu. Àtòjọ Stanford ya jìọ́lọ́jì sọ́tọ̀ kúrò lára ìmọ̀ òkun àti ìmọ̀ ojú ọjọ́. Ipò inú ẹ̀ka kékeré yẹn ló yẹ kéèyàn kọ́kọ́ wò.

Orúkọ pàápàá ń dá wàhálà sílẹ̀. Kọ̀ǹpútà ló ń pín àpilẹ̀kọ fún àwọn tó ni ín, "O. Adebayo" tó wà láyé kò sì lóǹkà. Obìnrin tó yí orúkọ padà lẹ́yìn ìgbéyàwó lè di ẹni méjì tí ìkankan kò dé ipò. Nọ́ńbà ORCID, tó ń dá olùwádìí kọ̀ọ̀kan mọ̀ yàtọ̀ sí ẹlòmíì, tó sì bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2012, wà fún èyí.

Ẹni tó ń tọ́ka sí ara rẹ̀ ńkọ́? Kò burú fúnra rẹ̀, torí iṣẹ́ àná ló ń bí tòní, àmọ́ àwọn kan ti sọ ọ́ di òwò. Ipò méjì ni àtòjọ Stanford ń fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan pẹ̀lú ìtọ́kasí ara ẹni, èkejì láìsí i. Ẹni tó bá já láti ipò ẹgbẹ̀rún sí ẹgbàárùn-ún nígbà tí wọ́n yọ ìtọ́kasí ara ẹni kúrò, orí ìlà kan náà ni gbogbo ayé á ti rí i.