Àwọn ará Hawaii ló bí Telecaster, ẹ má jẹ́ ká tan ara wa

Tẹ́ ẹ bá bi àwọn olólùfẹ́ gìtá pé ta ló kọ́kọ́ ronú gìtá oníná tí inú ẹ̀ ò ní ihò, kíá ni wọ́n á ti pe Les Paul, olórin onígìtá ará Amẹ́ríkà, àwọn mìíràn á ní Leo Fender tó ń ṣe gìtá ni, ọ̀rọ̀ bùṣe. Èmi ò gbà. Leo Fender ló ṣe Telecaster, gìtá oníná aláìníhò tó lókìkí yẹn, lóòótọ́, kò sẹ́ni tó lè gba ìyẹn lọ́wọ́ ẹ̀, àmọ́ àwọn tó la ọ̀nà tó gbà kọjá, ará Hawaii ni wọ́n.

Àlejò ni gìtá fúnra ẹ̀ jẹ́ ní Hawaii, àwọn erékùṣù orí òkun Pacific yẹn, o. Àwọn darandaran láti Mexico ni wọ́n ní wọ́n gbé e débẹ̀ láàárín 1830 sí 1840, nígbà tí ọba ibẹ̀ ránṣẹ́ sí wọn pé kí wọ́n wá kọ́ àwọn èèyàn òun bí wọ́n ṣe ń da màlúù. Tìtorí màlúù ni wọ́n ṣe wá, orin ni wọ́n fi sílẹ̀. Àwọn onílé wá bẹ̀rẹ̀ sí í dẹ okùn gìtá, wọ́n ń dẹ̀ ẹ́ títí tí gbogbo ẹ̀ fi ń bára mu láìfi ìka tẹ̀ ẹ́ rárá. Mo rò pé ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀, torí tí okùn bá ti ń dún dáadáa láìtẹ̀ ẹ́, ọwọ́ á máa wá nǹkan mìíràn ṣe. Ní nǹkan bí 1889, ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Joseph Kekuku, ọmọ Laie ní erékùṣù Oahu, gbé irin lé okùn, ó ń fà á lọ fà á bọ̀, ohùn náà sì ń ké bí ẹni ń sunkún. Wọ́n ní irin bolt kan ló he lójú irin réluwé. Àwọn kan á ní Gabriel Davion, ọmọ Íńdíà kan, ló kọ́kọ́ ṣe é. Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ jàre, Kekuku ló gbé e dé Amẹ́ríkà àti ilẹ̀ Yúróòpù.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ rí nìyí. Àwọn onírin yìí máa ń tẹ́ gìtá sórí itan ni, ojú ẹ̀ á kọjú sókè. Irin àti okùn ló ń ṣe gbogbo iṣẹ́, ikùn gìtá kàn wà níbẹ̀ kí ariwo lè jáde ni. Ọjọ́ tí iná bá ti lè ṣe iṣẹ́ ariwo, ikùn ti di ẹrù nìyẹn.

Bó sì ṣe rí nìyẹn. Lẹ́yìn àfihàn ńlá tí wọ́n ṣe ní San Francisco ní 1915, gbogbo Amẹ́ríkà ló ya wèrè orin Hawaii, àmọ́ ohùn gìtá kéré láàárín èrò. George Beauchamp, olórin tó máa ń fi gìtá Hawaii kọrin fúnra ẹ̀, bá Adolph Rickenbacker da òwò pọ̀, nígbà tó fi máa di 1932 wọ́n ti ń gbé gìtá oníná tí wọ́n fi aluminiọ́mù ṣe jáde fún títà, kékeré roboto ọlọ́rùn gígùn, táwọn èèyàn wá ń pè ní páànù ìdínǹkan. Ìyẹn fi ọdún 18 ṣíwájú ti Fender, orí itan ni wọ́n sì ti ń ta á.

Les Paul ńkọ́? Ó na okùn sórí igi páìnì kan ní nǹkan bí 1940, ó dáa, àmọ́ nígbà tó yá ó la gìtá mìíràn sí méjì, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ igi náà kó lè jọ gìtá lójú èèyàn, ilé iṣẹ́ Gibson tó ń ṣe gìtá ò sì gbé ti wọn jáde títí di 1952. Paul Bigsby ṣe gìtá aláìníhò kan tó rẹwà fún olórin Merle Travis ní 1948. Kí sì niṣẹ́ Bigsby náà? Gìtá onírin ló ń ṣe fáwọn olórin!

Ká wá padà sọ́dọ̀ Leo. Wọ́n bí i ní 1909, akáńtáǹtì ni tẹ́lẹ̀, kí iṣẹ́ tó bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀ tó fi ṣí ṣọ́ọ̀bù rédíò sílùú Fullerton ní California ní 1938. Kò mọ gìtá ta o, títí tó fi kú! Ní 1945 òun àti Doc Kauffman, alájọṣe ẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe amplifier, ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn gìtá sókè, pẹ̀lú gìtá orí itan fún títà, gìtá Hawaii yẹn náà ni. Pickup, ìyẹn ẹ̀rọ kékeré tó ń gba ohùn okùn, tó wà nídìí okùn Telecaster, tó ń fún un lóhùn tó mú ṣáṣá yẹn, ara gìtá onírin Champion tí Leo ń ṣe ló ti wá. Ẹ̀rí wo lẹ tún ń wá?

Àwọn onígìtá oníhò ní ìṣòro kan: tí wọ́n bá gbé amplifier sókè, ohùn ẹ̀ á padà wọnú ikùn gìtá, á wá máa ké hùù. Leo sì mọ̀ láti ara gìtá orí itan pé pátákó tó dí kì í ké bẹ́ẹ̀. Ló bá fi igi ash ṣe ara, ó fi igi maple ṣe ọrùn, ó sì fi skrúù mẹ́rin dè é mọ́ra, tó bá bàjẹ́ ẹ kàn máa pààrọ̀ ẹ̀. Ọgbọ́n atúnrédíòṣe pọ́ńbélé. Esquire ló kọ́kọ́ jáde ní 1950, lẹ́yìn náà Broadcaster, àfi bí ilé iṣẹ́ Gretsch ṣe tẹ wáyà sí wọn pé àwọn ti ń fi orúkọ tó jọ ọ́ ta ìlù. Wọ́n bá gé orúkọ náà kúrò lára lébẹ̀ẹ̀lì, wọ́n ń tà á láìlórúkọ fóṣù bíi mélòó kan, kó tó wá di Telecaster ní 1951, torí tẹlifíṣọ̀n ló ń jà ràn-ìn nígbà yẹn.

Àwa gan-an ò ṣàjèjì sí ìdílé yìí. Irin tí Demola Adepoju fà lẹ́yìn King Sunny Adé, tó ké gbọnrangandan láàárín jùjú yẹn, ọmọ gìtá orí itan ni.

Ìyókù, gbogbo ayé ló mọ̀ ọ́n: àwọn olórin Amẹ́ríkà bíi Muddy Waters àti Steve Cropper lo Telecaster, CBS, ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n, ra ilé iṣẹ́ Fender ní mílíọ̀nù 13 dọ́là ní 1965, àwọn òṣìṣẹ́ tún rà á padà ní 1985.

Telecaster láléébù ṣá. Okùn mẹ́fà ló wà, àmọ́ irin kéékèèké mẹ́ta péré ni Leo fi sábẹ́ wọn, okùn méjì á máa pín ọ̀kan, torí náà bẹ́ ẹ ṣe wù kẹ́ ẹ tún un tó, ọ̀kan lára wọn á ṣì yẹ̀ díẹ̀ lókè ọrùn. Wọ́n ti ń ṣe onírin mẹ́fà báyìí, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ àgbà onígìtá ló ṣì ń tú u kúrò tí wọ́n ń dá mẹ́ta padà síbẹ̀, wọ́n ní ohùn ẹ̀ ló dùn jù.